Aṣọ híhun ara ògiri ààfin: ṣé torí òtútù nìkan ni?

Ẹnìkan béèrè pé kí ló dé táwọn ọba Yúróòpù láyé ọjọ́un fi máa ń gbé aṣọ híhun ńláńlá tí wọ́n hun àwòrán sí (tapestry) kọ́ sára ògiri ààfin, ó ní àbí torí òtútù ni. Òtútù wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ilé olókùúta máa ń tutù gan-an, àmọ́ tó bá jẹ́ torí òtútù nìkan ni, kí ni wọ́n ń wá òwú wúrà sí? Iṣẹ́ táwọn arọ́kin ń ṣe láàfin Ọ̀yọ́ ni aṣọ yẹn ń ṣe, ó ń ro ìtàn ọba bí ọba ṣe fẹ́ kí wọ́n rò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Charles Karùn-ún tó jọba ní Sípéènì. Lọ́dún 1535 tó fẹ́ lọ gba ìlú Tunis ní Àríwá Áfíríkà lọ́wọ́ Barbarossa, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi ìjọba Ottoman, ó mú ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Jan Vermeyen dání lọ sójú ogun, kó máa ya ohun tójú ẹ̀ bá rí, ọkọ̀ ojú omi o, àgọ́ àwọn ọmọ ogun o, ẹṣin o. Nígbà tó yá, Vermeyen sọ ọ́ di àwòrán ńláńlá táwọn ahunṣọ máa wò hun aṣọ, wọ́n wá gbé e fún ọ̀gá ahunṣọ kan, Willem de Pannemaker, ní Brussels, torí Brussels nígbà yẹn, òun lọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí. Òwú ṣẹ́dà wá láti Granada, wọ́n hun wúrà àti fàdákà mọ́ ọn, aṣọ 12 ni, gíga wọn tó bíi mítà 5, ọdún 1554 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n kó o lọ Íńgílándì nígbà tí Philip ọmọ ẹ̀ fẹ́ Mary ọbabìnrin ibẹ̀. Àǹfààní aṣọ nìyẹn, àwòrán tí wọ́n yà sára ògiri ò ṣeé ká kó sọ́kọ̀, èyí sì ṣeé ká.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé bí àwọn ọmọ ogun Charles ṣe kó ẹrù àwọn ará Tunis ní ìkógun wà lára aṣọ yẹn, wọn ò fi pamọ́ rárá, ògo ni wọ́n kà á sí. Àmọ́ lọ́dún 1541 tí Charles kan náà lọ gbógun ti Algiers, ìlú míì ní Àríwá Áfíríkà, tí ìjì fọ́ ọkọ̀ ẹ̀ púpọ̀ tó sì padà lọ́wọ́ òfo, ìyẹn ò sí nínú aṣọ 12 yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí i, Madrid làwọn aṣọ tó ṣẹ́kù wà, àwòrán Vermeyen sì wà ní Vienna.