Ewé àyà ọjọ́ Patrick Mímọ́

Ẹnìkan béèrè pé kí ni ìtumọ̀ ewé tí àwọn ará Írẹ́lándì máa ń fi sáyà lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta, ṣé òótọ́ ni pé Patrick Mímọ́ lé gbogbo ejò kúrò nílẹ̀ wọn, kí ló sì pa Nàìjíríà pọ̀ mọ́ ọn.

Seamróg ni wọ́n ń pe ewé náà ní èdè wọn. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì sọ di shamrock. Wọ́n ní Patrick já ọ̀kan, ó fi ewé mẹ́ta tó so mọ́ ọ̀pá kan ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò sí nínú ohun tí Patrick fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ìtàn yìí tó hàn nínú ìwé. Lálẹ́ àjọ̀dún, àwọn ọ̀mùtí á sọ ewé náà sínú ife ìkẹyìn, wọ́n á ní àwọn ń tẹ̀ ẹ́ rì. Ní ti ejò, yìnyín ló bo erékùṣù náà láyé àtijọ́. Nígbà tó yọ́, òkun ti yí ibẹ̀ ká kí ejò tó rí ọ̀nà gbà. Kí ni Patrick fẹ́ lé?

Ohun tó jọ mí lójú jù wà nínú ìwé méjì tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní èdè Látìnì. Ọmọ Bìrìtéènì ni, díákónì ni bàbá rẹ̀. Kò ju bí ọmọ ọdún 16 lọ tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ fi gbé e sọdá òkun lọ sí Írẹ́lándì. Ọdún 6 ló fi da ẹran nínú òjò àti òtútù kó tó sá wálé. Àwọn ẹbí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má kúrò lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Lóru ọjọ́ kan ó lá àlá: ọkùnrin kan kó lẹ́tà wá, bó sì ṣe ń kà á ló gbọ́ ohùn àwọn ará Írẹ́lándì tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó padà wá.

Ó padà lọ. Àjàyí Crowther tiwa náà ti ẹrú di bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n àárín àwọn èèyàn tirẹ̀ ni Crowther padà sí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó mú un lẹ́rú ni Patrick lọ wàásù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Coroticus, aláṣẹ kan ní Bìrìtéènì, kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọmi lẹ́rú, tí òróró kò tíì gbẹ níwájú orí wọn, Patrick kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó ti dẹrú rí ló ń sọ̀rọ̀.

Kò sí póòpù kankan tó jókòó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Àwọn èèyàn ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Títí di òní, lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù Keje, ọ̀pọ̀ ń gun òkè Croagh Patrick, tó ga ní mítà 764, àwọn mìíràn láìwọ bàtà lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Ọwọ́ àwọn fadá Írẹ́lándì ni orúkọ Patrick gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀ gan-an lọ́dún 1932 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tó di 1961, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Írẹ́lándì fi í ṣe ẹni mímọ́ alábòójútó Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí Ìjọ Àgùdà fi ń ka 17 oṣù Kẹta sí ọjọ́ ńlá níbí pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń fi ewé sáyà.