Ṣé àlùfáà ni alárinà láàárín Ọlọ́run àti ènìyàn nínú ẹ̀sìn Kristẹni?

Rárá, Jésù Kristi nìkan ni àwọn ìjọ Kristẹni gbà ní alárinà, gẹ́gẹ́ bí 1 Tímótíù 2:5 ti wí, ṣùgbọ́n èrò wọn kò dọ́gba lórí ipa tí àlùfáà ń kó nínú iṣẹ́ náà.

Láti inú ìsìn Ísírẹ́lì àtijọ́ ni èrò pé àlùfáà jẹ́ alárinà ti wá. Nínú Léfítíkù 16, olórí àlùfáà nìkan ló ń wọ ibi mímọ́ jùlọ, ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹran, láti ṣe ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn. Ìwé Hébérù sọ pé Jésù ni olórí àlùfáà tòótọ́, tí ó fi ara rẹ̀ rúbọ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ìgbà.

Ìjọ Kátólíìkì ń kọ́ni pé Kristi fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ àlùfáà, pàápàá nígbà ìsìn Máàsì àti nígbà tí ó bá ń dárí ji ẹni tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1520, Martin Luther, ọmọ Jámánì tí ó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ, tako ìyàtọ̀ tí ìjọ náà fi sáàárín àlùfáà àti àwọn onígbàgbọ́ yòókù. Ó ní àlùfáà ni gbogbo ẹni tí ó ti ṣe ìrìbọmi, ó sì gbé e ka 1 Pétérù 2:9.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, “àlùfáà”, tún lè da ènìyàn rú, nítorí ó lè dúró fún ohun méjì: nínú Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí afirúbọ, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó túmọ̀ sí alàgbà ìjọ.