Ẹ má tíì ra àpò yúríà kẹta yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ti wọ́n àpò ajílẹ̀ yúríà méjì sóko àgbàdo yín, síbẹ̀ ewé ń pọ́n, ẹ sì fẹ́ ra ẹ̀kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí àgbàdo kan wò. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá gbẹ bí eérú, omi ni kò tó.

Ojú mi rí i nítòsí Ìsẹ́yìn lọ́dún 2019. Àgbàdo pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjò dá. Ewé ń pọ́n, mo bá wọ́n yúríà sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo sì lọ sílé. Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá kí òjò tó rọ̀. Èyí tó kan ìdí àgbàdo jó o. Èyí tó kù, ìrì ń yọ́ ọ lóru, oòrùn ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án. Àpò 50 kìlógíráàmù kan, kìlógíráàmù 23 péré ni náítírójìn inú rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ewé tutù. Ẹ wo iye tó bá afẹ́fẹ́ lọ!

Gbòǹgbò kì í jẹ ajílẹ̀ gbígbẹ. Inú omi tó ń fà ló ti ń rí i. Bí ewé bá ká jọ bí ẹní lọ́sàn-án, tó tún tẹ́ láàárọ̀, òùngbẹ ni. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n láti ṣóńṣó wá sí àárín, tí etí rẹ̀ ṣì tutù, náítírójìn ni kò rí jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀dá nìkan lè fa èyí náà, bí ajílẹ̀ tilẹ̀ kún ilẹ̀ bámúbámú. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Lọ́dún kejì, mo fi gbogbo yúríà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀wààrà òjò wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀, torí ilẹ̀ mi níyanrìn.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń pín in: ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, àti kó tó tú ìrùkẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, mo gbẹ́ ihò kékeré síbi tó jìnnà sí ìdí rẹ̀ níwọ̀n gígùn ìka kan, mo fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n sí i, mo sì bò ó. Òjò ò rọ̀? Yúríà á wà nílé. Àsìkò tó ń yọ irùn ló ń bà mí lẹ́rù jù; bí ọ̀dá bá bá a níbẹ̀, horo kò ní kún, ajílẹ̀ kankan ò sì lè tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ni tiyín, ẹ̀gbọ́n? Ìgbà wo lòjò sì rọ̀ kẹ́yìn lọ́dọ̀ yín?