Èsì: Má bá wọn já owó wálẹ̀ mọ́ ní ọjà gbàǹjo

Àbúrò mi ní Kubwa, o ní bí o bá ti gbé ewé rẹ sí ọjà gbàǹjo inú World of Warcraft, géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹnìkan á gbé tirẹ̀ wá ní owó tó dín díẹ̀, ìwọ náà á tún dín tìrẹ kù, títí èrè á fi tán.

Jọ̀ọ́, jáwọ́ nínú ẹ̀ lónìí. Láti 2020 ni wọ́n ti yí ètò náà padà: fún ewé, irin, oògùn àti irú wọn, bí iye owó bá dọ́gba, ti ẹni tó gbé ọjà dé kẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ tà. Iye tí wọ́n ń tà á gan-an ni kí o fi lé e, o ti bọ́ síwájú wọn nìyẹn. Bí wọ́n bá tún bò ọ́ mọ́lẹ̀, o lè kó o kúrò kí o tún un gbé síbẹ̀, àmọ́ owó ìdógò tí o fi sílẹ̀ nígbà tí o gbé ọjà síbẹ̀ á lọ, má ṣe é láṣejù.

Ọjà á tún yọ 5% nínú ohun tó bá tà. Ewé tí o rà ní 95 tí o tà ní 100, kò sí èrè níbẹ̀ rárá.

Àsìkò ló jù. Ní sáfà Yúróòpù (ẹ̀rọ tó ń gbé géèmù náà fún agbègbè yẹn), àárọ̀ Ọjọ́rú ni ọ̀sẹ̀ tuntun géèmù náà ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá di alẹ́, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré á kóra jọ lọ jà nínú géèmù náà, wọ́n á sì máa ra oògùn gan-an. Gbé tìrẹ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú iná lọ, á ṣì máa tà.

Irú ewé wo lò ń tà? Kọ ọ́ síbí, ká jọ wò ó.