Ìbéèrè: Ọjà tó nílò àṣẹ kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè: Salamu alaykum, Àáfà. Ilé-iṣẹ́ wa ní Houston máa ń kó ọjà ránṣẹ́ sí Èkó àti Lomé. Oníbàárà kan ń fẹ́ kámẹ́rà mẹ́wàá, irú èyí tó ń rí ooru ara nínú òkùnkùn. Ó ní ká kọ “ẹ̀rọ ilé àlòkù” sórí ínfọ́ìsì, kó má baà pẹ́. Ṣé dandan ni òfin Amẹ́ríkà tó ní ká gba àṣẹ kọ́jà tó jáde, tí kì í ṣe òfin Mùsùlùmí, fún wa? Ṣé hàláálì ni èrè rẹ̀?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salam. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kí a tó dé orí òfin rárá, irọ́ ni, Ànábì wa (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) sì ti sọ pé ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kò sí lára wa. Ní ti òfin, ìbẹ̀rẹ̀ Súrátùl-Máídà ló pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ. Físà tí ẹ gbà àti ilé-iṣẹ́ tí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àdéhùn ni wọ́n, níwọ̀n ìgbà tí òfin náà kò bá ti ní kí ẹ ṣẹ Ọlọ́hun. Èyí kò ní kí ẹ ṣẹ̀ Ẹ́. Sàhábé Imran ọmọ Husayn kórìíra kí ènìyàn ta ohun ìjà nígbà fìtínà, ìyẹn ìgbà rògbòdìyàn. Kámẹ́rà yìí kì í ṣe ìbọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí olóko ṣe lè fi ṣọ́ oko ni ajínigbé lè fi wá ènìyàn nínú igbó. Ìbẹ̀rù yìí gan-an ló bí òfin náà.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wá ni nọ́ńbà ECCN ọjà náà, ìyẹn nọ́ńbà tí òfin Amẹ́ríkà fi ń pín ọjà tó nílò ìṣọ́ra sí ìsọ̀rí; ó jẹ́ dígíìtì kan, lẹ́tà kan àti dígíìtì mẹ́ta. Fírísà, bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ sábà máa ń bọ́ sí EAR99, ìyẹn ìsọ̀rí ọjà tí kò ní ECCN tirẹ̀; wọn kì í sábà nílò àṣẹ. Kámẹ́rà agbóoru wà ní 6A003. Àwọn tí àwòrán wọn kò ju 9 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n máa ń rí ní 6A993. Ẹ má méfò. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe é kọ nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí yín. Níbí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà: wọ́n á mú nọ́ńbà Schedule B tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń lò, wọ́n á rò pé òun ni ECCN. Ọ̀tọ̀ ni ìkínní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ oníbàárà, éjéńtì rẹ̀ àti ẹni tó máa lo ọjà nínú Consolidated Screening List, ìyẹn àkójọ orúkọ àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè nínú òwò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yẹ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ wa wò: Muhammad, Mohammed, Mohamed. Bí orúkọ bá jọra, ẹ fi àdírẹ́sì wé e kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ lé ènìyàn lórí. Kí ẹni tó máa lò ó fọwọ́ sí ìwé tó sọ ibi tó máa wà àti iṣẹ́ tó máa ṣe. Bí ọjà bá nílò àṣẹ, orí SNAP-R, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà fún irú àṣẹ yìí, ni ẹ ó ti bèèrè. Wọn kì í gba owó. Ẹ ó tún fi àkọsílẹ̀ ọjà náà sínú AES, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gba àkọsílẹ̀ ọjà tó ń jáde, bí iye owó irú ọjà kan bá ju $2,500 lọ, àti iyekíye bó bá jẹ́ ọjà tó nílò àṣẹ. Ẹ tọ́jú ìwé gbogbo fún ọdún 5.

Bó bá jẹ́ dróònù ni, Nàìjíríà náà ń béèrè ìwé ẹ̀rí ẹni tó máa lò ó láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò. Àṣẹ Amẹ́ríkà kò dípò rẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ purọ́ sórí ínfọ́ìsì ti fún yín ní àmì tó tó. Ẹ dá ọjà náà dúró kí ẹ bi í léèrè. Bí ẹ bá di etí yín kí ẹ má baà gbọ́, òfin á kà á sí pé ẹ mọ̀; Ọlọ́hun náà sì mọ àníyàn yín.

Bí ẹ bá ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ tuuba, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ gba lọ́yà, kí ẹ sì fi ara yín sùn fún Office of Export Enforcement, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mú àwọn tó rú òfin yìí, kí wọ́n tó wá yín. Wọ́n máa ń ro ti ìyẹn mọ́ni lára. Ìjìyà ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 20 àti $1,000,000 fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti yín ni owó ọjà tí ẹ fi ra kámẹ́rà. Èrè tó bá ti ara irọ́ wá, lójú tèmi, ẹ fún aláìní, láìretí láádá.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.