Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ 7 ò tíì tó láti gun máṣíìnì o

Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ o ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ ní èjìká òsì ni wọ́n ṣe fún yín, iṣan tó já ni wọ́n rán padà mọ́ egungun, ó ti di ọ̀sẹ̀ 7 báyìí, ẹ ti bọ́ aṣọ tí wọ́n fi gbé ọwọ́ yín kọ́ ọrùn, kò dùn yín mọ́, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè máa rọra gun máṣíìnì lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì gùn ún. Ọ̀sẹ̀ 8 lèmi gùn ún ní tèmi, ohun tó sì tẹ̀yìn ẹ̀ yọ jẹ mí lọ́dún kan àti owó tí mi ò tíì san tán.

Mọ́níyà n'Íbàdàn níbí ni mò ń gbé, oògùn oko ni mò ń tà, ti koríko àti ti kòkòrò, èmi fúnra mi ni mo máa ń gbé e lọ bá àwọn àgbẹ̀ láwọn abúlé apá Ìjàyè títí lọ sí ìtòsí Ìṣẹ́yìn. Bajaj Boxer ni mò ń gùn. Títì ńlá yẹn dáa báyìí, àwọn ọ̀nà oko tó yà kúrò lára ẹ̀ ni wàhálà, ìgbà òjò ni, ilẹ̀ amọ̀, máṣíìnì yọ̀ lábẹ́ mi, mo fi ọwọ́ òsì gúnlẹ̀, gbogbo ara mi sì bá a lọ. Egungun kankan ò ṣẹ́. Torí pé egungun ò ṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ṣe jókòó ti bàbá kan tó ń fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ fún mi fún oṣù 3. Mi ò bú bàbá yẹn o, tó bá jẹ́ pé oríkèé ló yẹ̀ mo ti rí ẹni tí wọ́n bá a tò ó tó sì dáa, ṣùgbọ́n iṣan tó bá ti já kúrò lára egungun, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ọwọ́ wọ́ ọ padà síbi tó wà. Ìgbà tí mi ò lè gbé apá yẹn kọjá àyà mọ́, tí mi ò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sùn, ni mo tó lọ ọsibítù, wọ́n ya àwòrán, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn rèé, tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Iṣan 4 ló yí orí egungun apá ká, àwọn ló di egungun yẹn mú kó má yọ kúrò nínú ihò ẹ̀, èyí tó wà lókè ló sábà máa ń já. Tí wọ́n bá rán an mọ́ egungun, òwú yẹn nìkan ló ń dì í mú ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣan yẹn fúnra ẹ̀ ṣì ní láti hù mọ́ ara egungun, oṣù lonìyẹn máa ń gbà kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ẹ wo igi ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ gbìn lánàá, ó dúró lóòótọ́, tí ẹ bá wò ó lókèèrè ẹ máa ní ó ti mú, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kan fà á, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni èjìká yín ṣe rí lọ́sẹ̀ 7 yìí. Pé kò dùn yín ò túmọ̀ sí pé ó ti hù.

Èmi náà, kò dùn mí mọ́. Àsìkò ìgbìn ti dé, àwọn oníbàárà ń pè mí, ẹlòmíì sì ti ń gbé ọjà lọ bá wọn. Mo gun máṣíìnì jáde láàárọ̀ ọjọ́ Monday kan, mo lọ, mo bọ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe mí, inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. Gígùn ẹ̀ ò le, òun ló ń tan èèyàn jẹ. Ọjọ́ kẹta ni mo yà ra epo, mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo fi sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ gbé e dúró lórí ilẹ̀ tí ò tẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lọ sápá òsì. Èmi kọ́ ni mo ní kí ọwọ́ mi lọ o, ọwọ́ yẹn ti lọ dì í mú kí n tó ronú kan nǹkan. Boxer tó ní epo nínú ju 100 kílò lọ, kẹ́ẹ̀gì oògùn 2 ló tún wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbọ́ nǹkan tó já nínú èjìká mi bí ìgbà tí okùn aṣọ bá já, ọwọ́ náà sì rọ̀ wálẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ kejì. Owó àjọ ìyàwó mi ló bá a lọ, mo ta jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Dókítà sọ fún mi pé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ torí iṣan yẹn ti gbó, ó ti sún sẹ́yìn. Ohun tó ṣì ń dùn mí títí dòní ni pé níbi tí wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́, ìwé kan ni wọ́n fún mi tí wọ́n ya eré ìdárayá sí, wọ́n ní kí n máa ṣe é nílé, kò sẹ́ni tó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, kò sẹ́ni tó ní má gun máṣíìnì. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni mo tó rí obìnrin kan tó ń ṣe físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara kó lè ṣiṣẹ́ padà, tó jókòó, tó ṣàlàyé.

Ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, ọwọ́ wà lọ́rùn, àga ni mò ń sùn sí pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn àti lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ torí tí mo bá dùbúlẹ̀ gbalaja ṣe ni ó ń ro mí bí ehín. Ìgbà tí wọ́n gbà mí láàyè, mo máa ń tẹ̀ síwájú kí n jẹ́ kí ọwọ́ máa fì bí aago ògiri, mo sì so okùn gba orí ilẹ̀kùn kọjá, ọwọ́ ọ̀tún á máa fa ọwọ́ òsì sókè kó má bàa di pé iṣan ibi tí wọ́n rán yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka rìn gun ògiri, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí mo dé lójoojúmọ́. Ó lé ní oṣù 3 kí wọ́n tó ní kí n fi nǹkan tó ní agbára kún un, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni mo gé, mo so ó mọ́ irin fèrèsé, mò ń fà á. Owó físíò wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 2 ni mo lè lọ, nílé ni mo ti ń ṣe ìyókù, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, mi ò jẹ́ kó yẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí máṣíìnì ń fojú èjìká rí. Ọwọ́ òsì ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò tó nǹkan, ìka ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo ara yín á rọ́ síwájú, apá 2 yìí ló máa gbà á. Kòtò, bọ́m̀pù, inú háńdù ló ti ń gba ara wọ èjìká. Tẹ́ ẹ bá tún gbé èèyàn, òun náà á rọ́ lé yín lẹ́yìn. Ti pé kẹ́ ẹ tì í, kẹ́ ẹ gbé e sórí sítáǹdì ńlá, kẹ́ ẹ dì í mú nígbà tó fẹ́ ṣubú, ìyẹn gan-an ló le jù. Nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ bá padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má bi í pé "ṣé mo lè gun ọ̀kadà," ẹ bi í pé tí nǹkan tó ju 100 kílò lọ bá fa ọwọ́ yìí lójijì, ṣé ibi tẹ́ ẹ rán yẹn máa dúró. Ìdáhùn tí mo gbà nígbà tí mo béèrè ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Èmi fúnra mi ní àmì tí mò ń wò. Àkọ́kọ́, ṣé mo lè fi kànrìnkànrìn dé ẹ̀yìn ara mi. Èkejì, ṣé mo lè fi ọwọ́ 2 dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì kí n sì bọ́ ọ láìtẹ orí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni sùjúdù. Ó pẹ́ tí mo ti ń kírun lórí àga, ọjọ́ tí mo forí kanlẹ̀ tí ọwọ́ òsì gbé ìwọ̀n tirẹ̀ tí mi ò ti ara sápá ọ̀tún, omi bọ́ lójú mi. Èèyàn tí ò bá tíì lè dọ̀bálẹ̀ kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ti ara ẹ̀ dìde, kò yẹ kó wà lórí máṣíìnì.

Oṣù 6 àti ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kejì ni mo padà sórí máṣíìnì. Kí n tó gùn ún, mo pààrọ̀ wáyà kílọ́ọ̀ṣì, mo da ọ́ìlì sí tuntun yẹn kó lè rọ̀, mo ní kí mẹkáníìkì yí háńdù wá sọ́dọ̀ mi díẹ̀ kí apá má bàa nà tán. Mo tì í kiri àgbàlá láìtan ẹ́ńjìnnì, ọmọ iṣẹ́ mi dúró lápá òsì nítorí kó má ṣubú. Lẹ́yìn náà pápá ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, mo ń sáré díẹ̀ mo ń tẹ bíréèkì, ọ̀sẹ̀ 2 gbáko ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó kan títì. Títí dòní mi ò gbé ẹrù mọ́ lórí ẹ̀, mọ́tò Micra ló ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí Ìjàyè, owó ẹ̀ wọ èrè mi lóòótọ́ ṣùgbọ́n mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé jíjókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà ló máa dáa jù fún ìsinsìnyí o, tó bá kó sí kòtò ọwọ́ tẹ́ ẹ fi dì mú ló máa fà. Ẹ wọ mọ́tò.

Ó tún ku kan. Tí wọ́n bá fún yín ní Tramadol fún ìrora, ẹ má lò ó kẹ́ ẹ wá gun nǹkan kan, ó ń mú oorun wá, òòyì sì máa ń kọ́ èèyàn lójú, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lò ó kí wọ́n lè gùn ún pẹ́. Ìrora yẹn ló máa sọ fún yín pé ẹ ti ṣe jù, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Tí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ní kí dókítà kọ ìwé fún yín, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ gun máṣíìnì, kó kọ oṣù tó máa tó. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ bí mo ṣe so okùn orí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ sọ fún mi, màá ya fọ́tò ẹ̀ lálẹ́ yìí.