Akáńtáǹtì yín kì í ṣe àpò ìrẹsì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, iléeṣẹ́ aládàáni kékeré la ní ní Wuse, ilé náà sì jẹ́ ti háyà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba akáńtáǹtì kan tó ń lo àga onítáyà. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ àwọn máìgáàdì wa méjèèjì lágbára dáadáa, àwọn ló ń gbé e wọlé tí wọ́n sì ń gbé e jáde. Ṣé ìyẹn tó lójú òfin, àbí òfin tó ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ jẹ́ akàndá ẹ̀dá yẹn ti kàn wá?

Ìdáhùn: Ti ìdá márùn-ún ò le. Abala 29 òfin akàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019 ló sọ ọ́, iléeṣẹ́ ìjọba ló sì ń bá wí. Kò kàn yín. Èyí tó kàn yín ni abala 28: akàndá ẹ̀dá lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ bíi ti ẹlòmíràn, níbi iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ fún un. Bí ilé ẹjọ́ bá dá iléeṣẹ́ lẹ́bi pé ó fi ẹ̀tọ́ yẹn dù ú, ó kéré tán, ₦500,000 ni wọn yóò san fún un, ọ̀gá tó lọ́wọ́ sí i yóò sì san ₦50,000 tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Wàyí o, "wọ́n lágbára." Gbogbo ẹni tó ń pè mí ló ń sọ ọ́, bí ẹni pé agbára máìgáàdì là ń wá. Ìgbà tí ọ̀kan bá lọ kírun Jímọ̀ ńkọ́? Tí iná bá sọ ńkọ́, ta ló máa dúró gbé e? Ibi tí ẹni tó jókòó ń gbé apá lé ni wọ́n sì sábà máa ń dì mú, bẹ́ẹ̀ yíyọ nibẹ̀ máa ń yọ lára ọ̀pọ̀ àga. Mo bá ọkùnrin kan pàdé ní ọ́fíìsì kan ní Garki, ìgò omi rẹ̀ kún dẹ́nu lórí tábìlì ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú ooru oṣù kẹta. Mo ní kí ló dé tí kò mu ún. Ó ní bí òun bá mu ún, òun á tọ̀. Bí òun á bá tọ̀, wọ́n á tún wá gbé òun. Àtàárọ̀ ni kò ti fi omi kan ẹnu. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ rò pé àánú lòun ń ṣe.

Ẹ má wá torí èyí pe kápẹ́ńtà kó wá gbé pákó lé àtẹ̀gùn o. Sẹ̀ǹtímítà kan tí ẹnu ọ̀nà bá fi ga ju ilẹ̀ lọ, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga náà máa gbà gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjìlá. Tí àtẹ̀gùn yín bá ga ní 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, 60 nìyẹn. Ọ̀nà yín á gùn tó mítà 7.2. Ẹni tó bá tẹ́ pákó mítà kan ààbọ̀ síbẹ̀, òkè Olúmọ ló ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa gùn. Bí iwájú ilé kò bá gba gígùn yẹn, a lè yí i ní kọ́nà, kí ibi tó ti ń yí tẹ́jú tó mítà kan ààbọ̀. Ẹ fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kọ̀nkéré lásán ni kí ẹ lò, kì í ṣe táìsì tó ń dán. Ẹ̀yin náà mọ òjò Abuja.

Ẹ kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun. Ọdún márùn-ún tí òfin fi sílẹ̀ láti tún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ṣe ti pé láti 2024, ẹ lè rán an létí. Àdéhùn háyà yín, lọ́yà ni kó bá yín kà á. Ilé ni mo ń yà, èmi kì í ṣe lọ́yà.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ilẹ̀kùn tó wà lọ́dọ̀ jẹnẹrétọ̀ kì í ní àtẹ̀gùn. Kí ẹ sì fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ yín. Bí àyè rẹ̀ kò bá tó 80 sẹ̀ǹtímítà, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.